Ọwọ́ Ló Ń Fún Tábà Ládùn

Bí ènìyàn bá gba Challenge n'Íbàdàn kọjá, tó forí lé títì Èkó títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ Toll Gate, yóò rí ilé iṣẹ́ tábà ńlá tí British American Tobacco ṣí ní 2003. Ìbàdàn kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1933 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo láti fi dán ọjà wò. Nígbà tó fi di 1937, ńlá rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ n'Íbàdàn. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ sìgá, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ewé tọdún yìí kì í rí bí ewé èṣí, èyí tí òjò pa kì í sì rí bí èyí tí ọ̀dá mú. Síbẹ̀, ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ ṣe é kí igi sìgá tòní má yàtọ̀ sí ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lẹ́nu ẹni tó ń fà á. Á bù lára ewé ìsàlẹ̀ igi, á bù lára ti òkè, á fi ewé tó ti dàgbà nínú àká là á, títí gbogbo ìyàtọ̀ yóò fi pa rẹ́.

Àwọn kan wà, ìyàtọ̀ gan-an ni ọjà tiwọn. Ẹni tó ń po tábà ìkòkò wà lára wọn, ìyá aláṣáà tó jókòó ti ọlọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn ni mo fẹ́ yìn. Ohun tí mo rí lára iṣẹ́ wọn ni pé ewé tábà tútù lóko kò ní adùn kankan tí à ń wí. Ọwọ́ tó gbà á lẹ́yìn ìkórè ló ń fi adùn sí i, ọwọ́ yẹn ló sì yẹ kí ènìyàn máa wò bó bá fẹ́ fi tábà kan wé òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Ògùn, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti Ìsẹ́yìn títí lọ dé Agọ́-Àrẹ àti Ṣakí, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin tábà fún ilé iṣẹ́, ewé Virginia sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìsàlẹ̀ igi ló ti ń gbó, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń já a bọ̀ wá sókè. Wọ́n á so ewé mọ́ ọ̀pá gbọọrọ, wọ́n á gbé àwọn ọ̀pá náà kọ́ sínú abà. Ìta abà ni iná wà. Ooru nìkan ló ń gba inú páìpù irin wọlé, èéfín kò gbọdọ̀ kan ewé. Níbẹ̀rẹ̀, ooru náà kò ju ti ara ènìyàn lọ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 35 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius. Ewé kò tíì kú nígbà yìí. Ó ń pọ́n lọ ni, ó sì ń sọ sítáàṣì tó wà lára rẹ̀ di ṣúgà. Mímọ ìgbà tó yẹ ká pa á ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Bí ooru bá tètè le jù, ewé á kú ní tútù, á máa run koríko. Bó bá pẹ́ jù, ewé á jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán, á dúdú. Bí àkókò bá tó, wọ́n á máa gbé ooru sókè títí dé nǹkan bíi 70, kí egungun àárín ewé náà lè gbẹ. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, igi ìdáná tí abà kan sì ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Èyí tó bá jáde dáadáa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nínú ìkòkò, ó dùn, ó ń run bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, kíkan díẹ̀ bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ sì máa ń tẹ̀lé e. Àbùkù rẹ̀ kò jìnnà sí ẹwà rẹ̀: ṣúgà yẹn náà ló ń mú kó gbóná. Ẹni tó bá ń fà á kíákíá, ahọ́n rẹ̀ á bó.

Ewé Burley kì í rí iná rárá. Abà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí fún oṣù kan sí méjì, láàárín ìgbà náà ewé á máa gbé ara rẹ̀ jẹ, ṣúgà rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Èyí tó kù gbẹ lẹ́nu, ó wúwo, ó ní ìtọ́wò ẹ̀pà yíyan àti ti kòkó tí kò rí ṣúgà. Ẹni tó bá ti gba ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó kọjá rí lójú ọ̀nà oko mọ òórùn yẹn dáadáa. Nítorí pé inú rẹ̀ ti ṣófo, ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa á lára ló ń fà mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni àwọn tó ń fi oyin, kòkó tàbí ọtí sí tábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ tábà ilẹ̀ Tọ́kì àti ti Gíríìsì. Ewé wọn kéré, òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó ní òórùn ewé gbígbẹ àti tùràrí, ó sì ń kan lẹ́nu díẹ̀. Wọ́n tún ń mú lára irú ewé oòrùn yìí, wọ́n á gbé e sókè iná igi olóòórùn dídùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èéfín wọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú bí èédú. Èyí ni Latakia, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú èbúté kan ní Síríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kípírù ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí agolo rẹ̀ á rò pé ẹnìkan ń yan ẹja nítòsí.

Perique ló le jù láti ṣe. Ní St. James Parish ní Louisiana, wọ́n ń ti ewé mọ́ àgbá onígi, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí oje ara rẹ̀ yóò fi bò ó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ ni títí ọdún kan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pierre Chenet ni wọ́n sọ pé ó sọ ọ́ di òwò ní 1824, ọ̀dọ̀ àwọn Choctaw tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Ìtọ́wò rẹ̀ dà bíi ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n kọjá ààlà, tó ti fẹ́ máa di ọtí, ata sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń fi òun nìkan kún ìkòkò àfi ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tí àwọn márùn-ún yìí bá pàdé ni iṣẹ́ tó wù mí wò jù ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1907, Alfred Dunhill ṣí ilé ìtajà tábà kan ní Duke Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí oníbàárà bá wọlé, kò ní kàn gbé agolo fún un. Á béèrè ohun tó ń fẹ́, á po díẹ̀, á ní kó mu ún wò, á tún un pò. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, á kọ ìwọ̀n ewé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, á fún un ní nọ́ńbà, kí oníbàárà lè padà wá béèrè ohun kan náà lọ́jọ́ mìíràn. My Mixture 965 tí gbogbo ayé ń mu lónìí, ara nọ́ńbà ìwé yẹn ni.

Ará Bódìjà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí Dunhill ń ṣe fún òun. Ẹni tó bá ti jẹ àbùlà mọ̀ pé gbẹ̀gìrì ló ń rọ ọbẹ̀ ata lójú, ewédú ló ń mú un yọ̀ lọ́fun, ọbẹ̀ ata ló sì ń jí àwọn méjèèjì. Ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n ṣíbí ni alámàlà tó mọṣẹ́ fi ń ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú tábà, Virginia ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ tó ń gbé àwọn tó kù. Ewé oòrùn ń fi kíkan rẹ̀ là á lójú. Latakia ń mú èéfín wá. Perique díẹ̀, bóyá ìdá kan nínú ogún, ń mú kí ẹnu ta, kó sì lómi.

Mẹ́ta lára àwọn tó jáde láti ilé ìtajà yẹn tó láti fi kọ́ ẹnu. Orúkọ Peterson ló wà lára agolo wọn báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn tábà náà ń jẹ́ kò yí padà. Early Morning Pipe ni àkọ́kọ́. Virginia àti ewé oòrùn ló pọ̀ nínú rẹ̀, Latakia kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ni. Ó fúyẹ́, ó dùn, inú tí kò tíì jẹun kò ní bínú sí i. Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ ni ìdajì ìkòkò: lẹ́yìn ibẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ tuntun láti sọ mọ́.

Nightcap ni òdìkejì rẹ̀. Latakia kún inú rẹ̀, Perique wà níbẹ̀ tó ń ta ẹni nímú, agbára rẹ̀ sì tó láti mú òòyì kọ́ ẹni tí kò bá tíì jẹun. Adùn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ó máa ń pẹ́ kí ahọ́n tó ya Perique sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín.

965 ni mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Wọ́n fi Cavendish sínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ewé tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n sì tẹ̀ títí ó fi rọ̀. Cavendish kì í pariwo. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó kún àlàfo tó wà láàárín kíkan ewé oòrùn àti èéfín Latakia, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ẹnu kì í mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, adùn rẹ̀ ń ki sí i ni, kì í bàjẹ́.

Tábà olóòórùn wà ní ìdílé tirẹ̀. Erinmore Flake ni àpẹẹrẹ rere láàárín wọn: ewé tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó ń run ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti èso mìíràn. Ọ̀nà tí mo fi ń dán irú wọn wò rọrùn. Mo ń dúró de ìdajì kejì ìkòkò, nígbà tí òórùn àfikún ti jó lọ. Bí Erinmore bá débẹ̀, Virginia tó dára ló ń bá ni níbẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ń run fanílà kò ní ewé gidi kan nísàlẹ̀. Bí òórùn bá ti lọ tán, ooru omi ló kù tó ń bó ahọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tábà olóòórùn dídùn máa ń tẹ́ àwọn tó wà nínú yàrá lọ́rùn ju ẹni tó ń mu ún lọ, Latakia sì rèé, ẹni tó ń mu ún ló ń gbádùn, ìyàwó rẹ̀ á máa ṣí fèrèsé.

Bí pípò bá ti tán, ó ku ọwọ́ amutábà fúnra rẹ̀. Bàbá kan wà nítòsí Bódìjà Estate, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, tó bá jẹ́ pé ẹ rí i bó ti ń di ìkòkò, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Á kọ́kọ́ fi ìka méjì fún tábà, á tú ìka sílẹ̀, á wò ó. Bí ewé bá dúró gbagidi bó ti fún un, ó tutù jù. Á tẹ́ ẹ sórí ìwé kó gbẹ díẹ̀. Bó bá ń dún wọ́ọ́wọ́ọ́, ó ti gbẹ jù. Èyí tó bá ń ṣí padà jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́. Ní oṣù January, nígbà ọyẹ́, agolo tó bá ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ lè ti máa dún wọ́ọ́wọ́ọ́ kó tó dalẹ́. Ní July, tábà kan náà á máa lẹ̀ mọ́ra. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi tábà ìgbà òjò wé tábà ìgbà ọyẹ́ láìkọ́kọ́ mú wọn bá ara dọ́gba, ojú ọjọ́ ló ń tọ́ wò.

Ìpele mẹ́ta ló ń dì í. Ti àkọ́kọ́, ó kàn ń jẹ́ kó já bọ́ sínú ihò ni. Ti ìkejì, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ti ìkẹta nìkan ló ń fi àtàǹpàkò kì. Mo bi í léèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ pé ó ti tó.

"Fà á wò kó o tó ṣáná sí i," ni bàbá wí. "Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ bá wọnú, o ti dì í jù. Bí o kò bá mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, o ò tíì dì í rárá."

"Iná àkọ́kọ́ ńkọ́, sà?"

"Irọ́ ni iná àkọ́kọ́. Orí tábà ló fi ń dúdú. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o ṣáná ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn sí adùn."

Bí bàbá yìí bá fẹ́ fi tábà méjì wéra, ìkòkò amọ̀ ló ń lò. Ìkòkò onígi a máa gbé òórùn tàná pa mọ́. Latakia kan ṣoṣo lè bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Amọ̀ kì í gbe ọ̀kan lẹ́yìn, ohun tí wọ́n bá fi sí i náà ló ń jẹ́ kí ẹnu gbọ́. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ìkòkò tábà alámọ̀ jáde ní Ọ̀yọ́-Ilé, débi pé rírí rẹ̀ nínú ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń wà kò dàgbà ju ìgbà tí tábà ti òkè òkun dé lọ. Àwọn agbẹ́gilére pẹ̀lú kò gbàgbé rẹ̀: ère Èṣù tó fi ìkòkò há ẹnu kò ṣọ̀wọ́n.

Àwọn baba wa sì ti mọ tábà tí wọ́n ń fẹ́ kí Dunhill tó dáyé. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, títí wọ inú ìkọkàndínlógún, tábà Bàhíà láti Bràsíl ló lórúkọ jù ní etíkun wa, láti Ouidah dé Àjàṣẹ́, dé Àgbádárìgì àti Èkó. Àṣẹ ìjọba Potogí ni pé Lisbon ni ewé tó dára jù gbọ́dọ̀ máa lọ. Ìpele kẹta, ewé jákujàku tí Lisbon kọ̀, ni wọ́n gbà láàyè kí wọ́n máa kó wá sọ́dọ̀ wa. Kí ewé náà má baà gbẹ dànù, àwọn ará Bàhíà ń fi oje ìrèké tó ti ki pa á lára gidigidi, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ, wọ́n á fi awọ dì í. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa gúnlẹ̀, oje ti wọ ewé lọ, gbogbo rẹ̀ ti rọ̀, ó ti dùn, ó sì ń ta sánsán. Ohun tí wọ́n kà sí pàǹtí wá di ààyò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti ará Họ́láńdì gbé tábà mìíràn wá, àwọn oníbàárà fimú sí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Àwọn ará Họ́láńdì tó wà ní Elmina kúkú wá ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà inú ọkọ̀ Potogí kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá.

Pierre Verger, tí Ifá sọ ní Fátúńbí, ló tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jù lọ láti inú ìwé àwọn ìjọba àtijọ́, Ìbàdàn níbí náà ni wọ́n sì ti tẹ ìwé kékeré rẹ̀ lórí òwò Bàhíà pẹ̀lú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1964. Ẹni tó bá sì ń yin adùn tábà yẹn kò gbọdọ̀ pa owó tí wọ́n fi rà á mọ́. Ènìyàn ni. Bí ìká tábà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté, ẹrú ló ń wọkọ̀ lọ sí Bàhíà. Ahọ́n tó mọ ewé yà sọ́tọ̀ kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́.

Ní tiwa lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá aláṣáà ni mo rò pé ọgbọ́n pípò ṣì kù sí. Ọ̀kan wà nínú ọjà Bódìjà tí mo máa ń dúró wò. Ewé tábà gbígbẹ, kán-ún àti omi díẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọlọ, ọmọ ọlọ àti asẹ́.

Á kọ́kọ́ fa egungun àárín ewé yọ, nítorí egungun kì í lọ̀ kúnná, òun ló sì ń gún imú. Á wá gbé ewé sí ìtòsí iná títí yóò fi máa fọ́ bí wọ́n bá tọwọ́ kàn án. Ewé tí kò gbẹ dáadáa máa ń lẹ̀ mọ́ ọlọ, á di ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Lílọ̀ àkọ́kọ́ kì í pẹ́. Ó kàn ń fọ́ ọ ni. Lẹ́yìn náà ni kán-ún tó ti lọ̀ lọ́tọ̀ á wọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi tó fi ìka ta sí i. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà lójú ẹni. Àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní pípọ́n, á dúdú lábẹ́ ọmọ ọlọ, òórùn tó le á sì ta sókè tí ẹni tó bá sún mọ́ ọn á fi yí ojú padà. Kán-ún ló ń tú agbára tábà sílẹ̀ lára ewé, kó lè tètè gba inú ẹran ètè tàbí ti imú wọlé. Bó bá kéré, aáṣáà á kú, á dà bíi eruku lásán. Bó bá pọ̀, á bó ètè. Ìyá á tún lọ̀ ọ́, á yá a níná kí omi inú rẹ̀ gbẹ, á kù ú, á dá èyí tí asẹ́ kò gbà padà sórí ọlọ.

Kò ní òṣùwọ̀n kankan níwájú. Èékánná àtàǹpàkò ló ń bù ú sí, á fi ìka kejì tẹ́ ẹ, á wò ó lójú oòrùn bóyá yóò dán. Ti imú gbọ́dọ̀ kúnná débi pé ìka kò ní mọ̀ pé hóró kan wà níbẹ̀. Ti ẹnu, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ètè, a máa ṣe hóró díẹ̀, kó má baà yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbààgbà kan fẹ́ kán-ún díẹ̀. Àwọn awakọ̀ tí kò fẹ́ sùn lójú ọ̀nà fẹ́ èyí tó le.

"Ìyá, eléyìí mà le o," ni ọkùnrin kan wí lójú mi, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò dé ọ lára," ni ìyá fèsì. "Gbé e wá, kí n bá ọ là á." Ó bu ewé tí kò tíì rí kán-ún, ó fi là á, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó na èékánná sí i. Ọkùnrin náà fín in, ó sín, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.

Mo ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wé aáṣáà Kendal. Ní ìlú kékeré yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1792 ni wọ́n ti ń lọ aáṣáà, orúkọ Samuel Gawith sì ṣì wà lára agolo tó ń ti ibẹ̀ jáde. Aáṣáà wọn kúnná, ó tutù díẹ̀ lọ́wọ́, òórùn òdòdó tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù ló sì máa ń kọ́kọ́ bá imú kí tábà tó dé. Ọjà tó mọ́ ni, kò sì yí padà láti agolo kan sí òmíràn. Ti ìyá kò ní òórùn àfikún tó lè fi àṣìṣe pa mọ́. Bí ewé bá ti kan nínú àpò, imú á gbọ́ ọ. Bí kán-ún bá ju bó ti yẹ lọ, ètè á sọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìní ibi tí yóò fara pa mọ́ sí, tí oníbàárà sì ń padà wá bá, òun ni mo ń pè ní ọ̀gá.

N'Íbàdàn kan náà, bí ẹ bá dé Sábó tí àwọn Hausa ti fìdí kalẹ̀ láti 1916, ẹ ó rí i pé ewé nìkan kọ́ ni wọ́n mọ̀ lára igi yìí. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn obìnrin wọn ń jẹ kí eyín lè pọ́n. Òun náà ní ẹni tó mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti gbó.

Kò sí ohun tí mo sọ níhìn-ín tó sọ tábà di oúnjẹ. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dọọdún. Èéfín ìkòkò tí wọn kì í gbé mì àti aáṣáà tí kò léèfín pàápàá ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu. Òfin ìdarí tábà ti 2015 nílẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó lọ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn kì í ṣe ti tábà nìkan. Ó mọ bí ewé ṣe ń gbẹ, bí kán-ún ṣe ń yí ohun tó bá kàn padà, bí kíkúnná ṣe ń sọ bí agbára yóò ṣe yára tó, àti bí a ṣe ń gbọ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ láti inú ìráhùn rẹ̀.

Dunhill kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ó fún un ní nọ́ńbà, ìdí nìyẹn tí 965 fi wà lórí àtẹ títí dòní lẹ́yìn tí ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ti kú. Ti ìyá kò ní nọ́ńbà. Láti Agbowó, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún bámúbámú, wíwọ ọkọ̀ dé ọjà Bódìjà kò gba àkókò. Nínú wọn, ẹni tó ń kọ́ nípa oògùn tàbí nípa ìtàn, tó ń wá iṣẹ́ tí yóò fi gba oyè, kó mú òṣùwọ̀n kékeré àti ìwé lọ síbẹ̀. Kó ra ìwọ̀n aáṣáà tó le, èyí tó rọ̀ àti èyí tó wà láàárín, kó sì bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí òun wọn kán-ún kó tó kan ọlọ. Kó sanwó àkókò tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.